Ẹni tó gbẹ́yìn ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ eré sísá yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, kóòṣì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin la dá ẹgbẹ́ eré sísá kan sílẹ̀ ládùúgbò wa ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èèyàn bí 40 ló jáde: àgbà, ọ̀dọ́, àtàwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ tí òbí wọn mú dání. Ní báyìí a ò ju 12 lọ mọ́, àwọn tó ti mọ eré é sá tẹ́lẹ̀ ló sì kù. Àwọn kan nínú wa ní ká ya àwọn ọmọdé sọ́tọ̀. Àwọn mìíràn ní ká ṣètò ìdíje ńlá kan, pé ìyẹn ló máa dá àwọn èèyàn padà. Èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àforítì. Kí 40 èèyàn jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó fi hàn pé àwọn ará àdúgbò yín fẹ́ ohun tí ẹ gbé kalẹ̀, torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe àwọn tó lọ ní ọ̀lẹ. Màá dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, màá sì dáhùn ti ìdíje, àmọ́ kò sí èyí tó yẹ kó ṣíwájú nínú méjèèjì. Bí ẹ ṣe ń sáré fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ sì tún un ṣe látẹ̀yìn wá: ẹni tó lọ́ra jù nínú yín ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ wo obìnrin ẹni ọdún 45 kan tí kò sáré mọ́ látìgbà tó ti kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ẹ fọn fèrè, gbogbo yín gbéra pọ̀. Kò fẹ́ kí ojú ti òun, ló bá tẹ̀ lé yín. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ó ti ń mí helehele, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, ló bá dúró. Nígbà tó máa gbójú sókè, ẹ ti yà ní kọ̀rọ̀, kò rí ẹnì kankan mọ́. Ó fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí eré ti máa ń parí, ó bá yín níbẹ̀ tí ẹ ti na ara tán, tí ẹ ti ń gbé báàgì. Ẹnì kan ní "ẹ kú ìgbìyànjú" fún un. Obìnrin yẹn kò ní padà wá. Ara tó ro ó kọ́ ló lé e lọ, ìtìjú ni.

Ohun kejì tó ń lé wọn ni ìrora, ó sì máa ń dé nígbà tẹ́nikẹ́ni ò retí rẹ̀. Eré sísá tètè ń mọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó ń mí gúlegúle tẹ́lẹ̀ á rí i pé èémí òun ti balẹ̀. Àmọ́ eegun, àtàwọn iṣan tó so ẹran ara mọ́ eegun, kì í yára bẹ́ẹ̀. Oṣù lorí oṣù ni wọ́n fi ń le. Bí èémí bá ti wá balẹ̀, tí ara ń yá èèyàn, á fi kún eré rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kò sì ní pẹ́ tí ojúgun tàbí orúnkún á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹ yẹ ìwé tí ẹ ń kọ orúkọ sí wò. Kò ní yà mí lẹ́nu bó bá jẹ́ pé àsìkò yẹn gan-an ni púpọ̀ nínú wọn ò wá mọ́.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ojútùú ẹ̀. Ní 1996, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Josh Clark ṣe ètò ọlọ́sẹ̀ mẹ́sàn-án kan fún àwọn tí kò sáré rí, èyí tí ayé wá mọ̀ sí Couch to 5K. Ìrìn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, èèyàn á yára rìn fún ìṣẹ́jú 5 kí ara lè gbóná, á sáré fún ìṣẹ́jú àáyá 60, á rìn fún 90, á tún sáré, á tún rìn, títí ìṣẹ́jú 20 á fi pé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni, ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín. Díẹ̀díẹ̀ ni eré ń pọ̀ tí ìrìn ń dín kù, títí ẹni náà á fi lè sáré fún ìṣẹ́jú 30 láìdúró. Ẹni tí ọ̀sẹ̀ kan bá le jù fún á tún un ṣe, kò sí ẹni tó ń lé e. Tèmi ni pé kí ẹ na mẹ́sàn-án yẹn di ọ̀sẹ̀ 12, torí ọ̀rọ̀ eegun àti iṣan tí mo sọ, pàápàá bí àwọn tó ti lé ní 50 ọdún bá wà láàárín yín.

Mímọ ìwọ̀n eré tó yẹ kò gba ẹ̀rọ kankan. Bí èèyàn bá lè sọ odidi gbólóhùn fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé èémí já ọ̀rọ̀ náà sí méjì, ó ń sáré bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ "ẹ̀n-ẹ́n" nìkan lẹnu rẹ̀ lè gbé, kó rọra. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé eré àwọn aláìlera nìyẹn. Arthur Lydiard, ará New Zealand, ló kọ́ Peter Snell tó gba góòlù ní Òlíńpíìkì 1960 àti ti 1964. Lydiard yìí kan náà ló ń gba àwọn àgbàlagbà níyànjú ní Auckland pé kí wọ́n máa sáré wẹ́wẹ́, tó fi mọ́ àwọn tí àrùn ọkàn ti kọlù rí, ẹgbẹ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Bill Bowerman tó jẹ́ kóòṣì ní Yunifásítì Oregon lọ kí wọn láìpẹ́ sígbà yẹn. Ó bá wọn jáde, bàbá kan tó ti lé ní 70 ọdún ló sì ń dẹ eré kí Bowerman lè bá a. Nígbà tó padà sílé, ó dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nílùú tirẹ̀. Bí eré wẹ́wẹ́ ṣe gbilẹ̀ láàárín àwọn aráàlú ní Amẹ́ríkà nìyẹn.

Ní ti ọ̀nà tí ẹ ń gbà sáré, ẹ yé mú ọ̀nà gígùn kan tó máa tú yín ká. Ẹ lè wá ibi tí ìyípo rẹ̀ kò ju kìlómítà kan lọ, kí ẹni tó yára máa yí i po lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹni tó lọ́ra yí i ní ìwọ̀nba, kí wọ́n sì máa pàdé ara wọn lójú ọ̀nà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àlọ-àbọ̀ onígbà. Kí kálukú yí aago fóònù rẹ̀ sí ìṣẹ́jú 10, kí gbogbo yín gbéra lójú kan, kí olúkúlùkù máa lọ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Bí aago bá ti dún, kí ó yí padà níbi tó bá wà, ì báà jẹ́ ìdajì kìlómítà ló rìn, ì báà jẹ́ méjì. Ojú ẹsẹ̀ ni àwọn aṣíwájú á di ẹ̀yìn, tí àwọn tó wà lẹ́yìn á di iwájú. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n eré tí wọ́n fi lọ padà, gbogbo yín á dé lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan á gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn géńdé lẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọn, wọ́n á sì jọ wọlé. Ọ̀sẹ̀ kan péré tí ẹ bá ṣe é, ẹ ó rí ìyàtọ̀ lójú àwọn èèyàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ àwọn parkrun ni mo ti mọ èyí. Paul Sinton-Hewitt ló bẹ̀rẹ̀ parkrun ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá 2004 ní Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù, asáré 13 péré ló sì jáde lọ́jọ́ náà. Kìlómítà 5 ni, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, ojú kan náà, wákàtí kan náà. Lónìí, ó ti wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nínú àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn níbẹ̀, ẹnì kan wà tó máa ń wọlé kẹ́yìn gbogbo èèyàn, kí asáré kankan má bàa jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń ṣe é kò gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé èèyàn lẹ́yìn, torí ńṣe lonítọ̀hún á máa rò pé wọ́n ń lé òun. Ẹ̀gbẹ́ ni kó wà. Kó má máa wo aago. Kó má pariwo "ó kù díẹ̀" nígbà tí kò kù díẹ̀. Kó bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, ohunkóhun tí kì í ṣe eré. Kí àwọn tó wà níbi ìparí má sì tú ohunkóhun títí àwọn méjèèjì á fi dé. Àwọn 12 tó kù sọ́wọ́ yín ni kí ẹ fún níṣẹ́ yìí, lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀. Kí ẹ sì fún àwọn náà ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n á máa sá eré àsápajúdé tiwọn, kí wọ́n má bàa rò pé wọ́n ń fi ẹsẹ̀ àwọn ṣòfò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Ẹ má yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá. Ohun tó ń jẹ́ kí òbí wá ni pé ọmọ lè wá; ohun tó ń jẹ́ kí ọmọ máa wá ni pé ó ń rí àgbà tó ń sáré tayọ̀tayọ̀. Ẹ jọ máa mú ara gbóná, ẹ jọ máa parí. Ohun tó wà láàárín ló yẹ kó yàtọ̀. Bí ẹ bá wo ọmọ ọdún mẹ́jọ dáadáa, á sáré fùú, á dúró wo nǹkan, á tún sáré. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, ẹ má fi dandan mú un tẹ̀ lé ìlà. Eré ọ̀pá ìfàlénilọ́wọ́, eré lé-mi-kí-n-lé-ọ, eré fífò lórí okùn, wọ́n á sáré nínú rẹ̀ ju bí ẹ ṣe lè pàṣẹ fún wọn lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ tó ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, kí àgbàlagbà sì máa ṣe tirẹ̀ tó ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, bí kò bá jẹ́ iṣẹ́ àṣelàágùn púpọ̀. Kò sẹ́ni tó ní dandan kó jẹ́ eré gígùn.

Elaine Wyllie, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Stirling lórílẹ̀-èdè Scotland, fi èyí hàn ní 2012. Ó ní kí àwọn ọmọ máa jáde fún ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, kí wọ́n sáré tàbí kí wọ́n rọra máa lọ bó bá ṣe wù wọ́n, nínú aṣọ tó wà lọ́rùn wọn, láìsí ìdíje. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lágbàáyé ló ti ń ṣe é báyìí, Daily Mile ni wọ́n ń pè é. Ní parkrun pẹ̀lú, kìlómítà 2 ni ti àwọn ọmọ ọdún 4 sí 14. Bí ọmọ tí kò tíì pé 11 bá sì máa sá kìlómítà 5, àgbà kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀ débi tí ọwọ́ rẹ̀ á tó o. Òfin tó dáa ni, ẹ lò ó.

Ọ̀rọ̀ ìrora àwọn ọmọ ká mi lára gan-an. Eegun wọn ṣì ń dàgbà, ibi tó ti ń dàgbà náà ló sì rọ̀ jù. Ọmọ tó ń tiro lẹ́yìn eré, tó ní gìgísẹ̀ ń dun òun, tàbí ọ̀dọ́ tó ti ń ga sí i kíákíá tí ìsàlẹ̀ orúnkún rẹ̀ yọ kókó tó sì ń dùn ún, kì í ṣe alákọrí, kì í sì í ṣe pé ó ń yẹ iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ó sinmi, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà wò ó bí kò bá lọ. Òbí tó bá ń ti ọmọ níbi tó ti ń dun ọmọ, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn tó ti pé ọdún 13 sókè lẹ máa tètè pàdánù bí ẹ bá ṣe wọ́n bí ọmọdé. Ẹ fún wọn níṣẹ́: fífọn fèrè, kíkọ àkókò sílẹ̀, ṣíṣáájú nínú mímú ara gbóná. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ló máa bá yín yanjú ọ̀rọ̀ fóònù àti fídíò, ẹ̀yin lẹ máa bá wọn gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Àwọn ọmọbìnrin ni kí ẹ tún ṣọ́ jù, torí ọjọ́ orí yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń jáwọ́, nítorí aṣọ, nítorí nǹkan oṣù, nítorí ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n. Kí wọ́n wọ ohun tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kí obìnrin àgbà kan wà tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín má sì mẹ́nu ba sísanra tàbí títínrín ọmọ kankan, ì báà jẹ́ láti yìn ín.

Èyí kò sì ní àyípadà: kò sí àgbà kan tó gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ, yálà nínú ọkọ̀, nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ tàbí lójú ọ̀nà. Méjì ni kí àwọn àgbà máa jẹ́ nígbà gbogbo. Kí kóòṣì má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ ní ìkọ̀kọ̀, kí òbí wà nínú rẹ̀. Kí òbí fọwọ́ sí ìwé kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, kí àìsàn tó ní àti nọ́ńbà fóònù òbí wà níbẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín tó. Inú lè bí àwọn kan. Ẹ jẹ́ kó bí wọn.

Ìdíje ńlá kò lè dá àwọn tó lọ padà, torí ẹni tó sá nítorí ìtìjú kò ní padà wá síbi tí èrò ti pọ̀ jù ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ayẹyẹ kan ní ìparí ọ̀sẹ̀ 12 dáa púpọ̀, kó jẹ́ kìlómítà 5 fún àwọn tó parí ètò, kìlómítà 1 fún àwọn ọmọ. Kí gbogbo ẹni tó bá parí gba nǹkan kan náà. Àwọn tó fara pa àtàwọn ìyá àgbà tí kò lè sáré ni kí ẹ fi sójú ọ̀nà, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́, kí wọ́n máa tọ́ka ibi tí wọ́n máa yà sí. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó mú. Bí ó bá jẹ́ ojú títì lẹ máa lò, ẹ gbàṣẹ kí wọ́n tì í. Lọ́jọ́ eré lásán tí ọkọ̀ ń kọjá, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ má kẹ̀yìn sí i.

Ó kéré tán, kí èèyàn méjì nínú yín kọ́ ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Bí asáré bá ṣubú, tí kò dáhùn, tí kò sì mí bó ṣe yẹ, kí ẹnì kan pe ọkọ̀ pàjáwìrì, kí ẹlòmíràn máa tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n má dúró títí ẹ̀rọ AED (ẹ̀rọ tó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná mú kí ọkàn padà máa lù bó ṣe yẹ) tàbí àwọn oníṣègùn á fi dé. Bí ooru bá kọlu ẹnì kan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́ lura, tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mu ọtí, ẹ má dúró de ọkọ̀. Ẹ rì í sínú omi tútù títí dé ọrùn, kí ẹnì kan gbé orí rẹ̀ sókè. Bí kò bá sí ibi tí ẹ lè rì í sí, ẹ máa da omi tútù sí i lára láìdáwọ́ dúró títí ara rẹ̀ á fi rọlẹ̀, kí ẹ tó gbé e lọ. Ní ti omi mímu, kí kálukú mu bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́. Àmujù náà léwu, ó lè dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù débi tí èèyàn á fi dákú. Ẹni tí àyà ń dùn bó bá ń sáré, tí ó ti dákú rí lẹ́nu eré, tàbí tí ẹbí rẹ̀ kan kú lójijì ní ọ̀dọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó kọ́kọ́ lọ kó tó bá yín sáré rárá.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú ìwé orúkọ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn jáde. Ẹ má fi ìkéde ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ẹ pín orúkọ àwọn tí kò wá mọ́ láàárín ẹ̀yin márùn-ún, kí ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ sáré jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé ìrìn lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ báyìí, pé ẹnì kan máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí dé òpin. Ẹ dá ọjọ́ àti wákàtí kan tí kò ní yí padà. Bó bá jẹ́ márùn-ún péré ló dáhùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kìíní pẹ̀lú àwọn márùn-ún náà, ìṣẹ́jú àáyá 60 eré, 90 ìrìn.